Ẹ̀kọ Tí A Jẹ Ní Òwúrọ̀ Tí Wọ́n Mú Àìná Lọ

Àwọn àgbà ilé wa fi ọmọbìnrin kan pààrọ̀ ẹ̀tù ìbọn nítorí ọ̀rọ̀ igi ìdáná, títí di òní yìí kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó sọ ibi tí wọ́n mú un lọ fún mi. Mo fi gbólóhùn yìí ṣáájú nítorí mo mọ àwọn ará ilé wa. Bí mo bá kọ́kọ́ kí wọn, wọn yóò dá mi lóhùn, wọn yóò béèrè àwọn ọmọ, wọn yóò gbé omi wá, ilẹ̀ yóò sì ṣú kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ohun tí mo bá wá. Mo ti pẹ́ ní Ìlọrin lẹ́sẹ̀ àwọn tó mọ ìwé. Mo kà débi tí àwọn ìwé òfin ti ń ta ko ara wọn, ohun kan tí gbogbo olùkọ́ mi sì fẹnu kò lé lórí ni pé ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò gbọdọ̀ dúró lórí pé "wọ́n ṣèkà". Kí ó sọ ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe, àti ibi tó dúró sí nígbà tó ń ṣe é. Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá ní ìbínú ló ń sọ̀rọ̀ kò purọ́, àmọ́ kí ó mọ̀ pé ìbínú náà kàwé.

Abúlé wa wà lápá Akínyẹlé, oko àwọn ará Ìbàdàn ni, ìrìn òwúrọ̀ kan sí ìlú fún ẹni tí kò ru nǹkan kan. Àwọn tó ń ru ẹrù kì í sọ bí ìrìn náà ṣe gùn tó lójú tiwọn, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí àwọn ọkùnrin wa wà ní bùdó ogun Ìjàyè. Bàbá mi wà níbẹ̀. Kò kù sílé nínú àwọn ọkùnrin àfi àwọn tó ti darúgbó àti àwọn tó mọ bí a ṣe ń ṣàìsàn. Ohùn tó ń jí mi láàárọ̀ kì í ṣe ti àkùkọ, ti ìgbálẹ̀ ni, ṣàà, ṣàà, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ọlọ, lẹ́yìn ọlọ ni ikọ́ Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ni ìyàwó tó dàgbà jù nínú ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń húkọ́ kí ó tó pa òwe, àwa ọmọdé a sì ti ká ẹní wa ní ikọ́ kejì. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti apá ìwọ̀-oòrùn, a máa ń gbọ́ ìbọn lókèèrè. Ìyá Àgbà a ní àrá ni. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn. A ó sì máa bá ẹ̀kọ wa lọ.

Òwe tí ó fẹ́ràn jù ni pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé òwe náà dára, pé ohun tó ń sọ ni pé kí olúkúlùkù fi ọwọ́ tirẹ̀ ran ẹnìkejì lọ́wọ́. Nílé wa, nígbà tí Ìyá Àgbà bá fẹ́ kí Àìná bá òun gbé nǹkan láti orí pẹpẹ ló máa ń pa á. Ọwọ́ Àìná ló ń wọ kèrègbè, ọwọ́ Àìná kan náà ló sì ń dé pẹpẹ. Ó máa ń gun odó ni.

Ogun kan ní ilẹ̀ Èkìtì ni bàbá mi ti mú un bọ̀, ọdún méjì ṣáájú. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé ó mú ọmọ tí ogun ti pa bàbá rẹ̀, ó sì sọ fún un pé òun ni bàbá rẹ̀ báyìí. Nígbà tí ó dé, ìyá mi bi í pé kí ni wọ́n ń pè é, ó sọ nǹkan kan, ohùn ilẹ̀ wọn wà lẹ́nu rẹ̀, ni gbogbo ilé bá ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní òun yóò máa pè é ní Àdùkẹ́. N kò rí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni du kíkẹ́ rẹ̀ o, àfi tí ìyá mi àti Ìyá Àgbà bá ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ rán an níṣẹ́. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń pọnmi, òun ló ń wẹ ìkòkò, ohun tó bá sì lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ni oúnjẹ rẹ̀. Ó jù mí lọ ní nǹkan bí ọdún méjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì rò pé bí àwọn kan ṣe ga tí àwọn kan kúrú náà ni àwọn kan ṣe ń rù tí àwọn kan ń sọ. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n kàn jẹ́ kí n máa wò ó lójoojúmọ́ ni.

Ìyẹ̀wù kan àti igi iṣin kan ni ilé-kéú wa. Àfáà wa ti Ìlọrin wá, ènìyàn gígùn kan tí òtútù kì í pẹ́ mú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí tí ilẹ̀ bá ti mọ́, oko ló ni wá. Iná igi tó ń jó láàárín wa la fi ń ríran ka wàláà, pátákó tí a ń kọ kéú sí. Òfin Àfáà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá mú igi wá ló ni iná. Ẹni tó bá mú ìdì igi wá a jókòó níwájú, ẹni tí kò bá mú un wá a jókòó sẹ́yìn nínú òkùnkùn, kí ó máa fi etí kàwé. Àfáà kì í béèrè ẹni tó mú igi wá, ojú ìdì ló ń wò, nítorí agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń dìgi. Okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ la fi ń di tiwa, a ó ta á ní kókó méjì. Ìtàkùn ni wọ́n fi ń di ti ilé Kàrímù, ọmọ ilé kejì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú tó àdá bàbá rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nígbà tí a bá ta kókó sí nǹkan, kì í ṣe igi nìkan là ń dì.

Ojoojúmọ́ ni èmi ń mú igi wá. N kò sì ṣẹ́ igi kan rí. Àìná ló ń ṣẹ́ ẹ, Àìná ló ń dì í, Àìná ló ń rù ú. Tí ilé-kéú bá ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, èmi a gbà á lórí rẹ̀, èmi a rù ú wọlé. Àfáà a ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i, pé ọmọ tí kì í jẹ́ kí iná kú ni èmi Bùràímọ̀. Èmi a ṣe àmín. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí fi èyí náà sọ́kàn: àwọn àgbà nìkan kọ́ ni mo wá pè lẹ́jọ́.

Ní ọjọ́ kan, Àìná kò yí padà sílé lẹ́yìn tí mo gba igi lórí rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àfáà, tí mo bá ru ìdì méjì wá ńkọ́?"

Àfáà wò ó títí. Ẹni tí kò ṣe ju òfin ẹyọ kan lọ kì í ní òfin mìíràn tí yóò sá sí. Ó ní kí ó rù ú wá ná. Lọ́jọ́ kejì, ìdì méjì ló wà lórí òṣùká rẹ̀, tèmi lókè, tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún un pé okùn ilé jẹ́ ti ọmọ ilé, nítorí náà koríko ló fi di tirẹ̀. Bí ó ṣe di ọmọ-kéú nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ń le sí i, wọ́n sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má wọ igbó apá ìwọ̀-oòrùn mọ́ nítorí àwọn ọmọ ogun, igi wá di nǹkan tí à ń wá. Ọjọ́ tí igi bá tó ìdì méjì, ó jókòó níwájú. Ọjọ́ tí kò bá ju ẹyọ kan lọ, tèmi ni ẹyọ náà, òun a sì jókòó sẹ́yìn. Ó fi etí kàwé débi pé tí mo bá ń ké kéú, tí mo sì gbàgbé, n óò gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́yìn mi tí yóò sọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Wọ́n ń sọ lábúlé pé ọmọ yìí ní ọpọlọ. Ó ní ọpọlọ lóòótọ́. Ọpọlọ náà jókòó sẹ́yìn nínú òkùnkùn.

Ó ku díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀ ni àánú wá ṣe mí. Àfáà ti ń kọ́ wa nípa sàárà lọ́sẹ̀ náà, mo sì ń wá ẹni tí n óò ṣe é fún. Ní òwúrọ̀ tí igi kò tó, mo tú ìdì tí wọ́n rù wá fún mi, mo dá a sí méjì, mo fún Àìná ní apá kan. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí ó yé wa. Igi tí ó ṣẹ́, tí ó dì, tí ó rù, ni mo mú ìdajì rẹ̀ fún un, inú mi sì dùn pé mo ṣe oore. Mo tilẹ̀ fa okùn mi ya sí méjì, mo bá a di tirẹ̀ dáadáa bí a ṣe ń dì í nílé wa, kókó méjì. Ó fẹ́ sọ nǹkan, mo ní kí ó má dúpẹ́.

Kàrímù ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Àfáà, ẹ wo kókó yẹn. Ẹrú yìí ti jí igi ọmọ ilé."

Àfáà bi í, kò dáhùn. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbójú kúrò. Àfáà nà án ní pàṣán mẹ́fà. Mo kà á, nítorí mo ti mọ nǹkan kà, ohun tí wọ́n ní kí n wá kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni ì bá gbà mí: èmi ni mo fún un. N kò sọ ìkankan. Mo ti wá àwáwí fún ara mi ní Ìlọrin, mo wá a nínú ìwé, mo wá a lẹ́nu àwọn àgbà, pé ọmọdé ni mí, pé ẹ̀rù bà mí, pé ẹni tí wọ́n ń nà gan-an kò sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó dúró nínú wọn. Ẹni tí wọ́n ń nà kò sọ̀rọ̀ nítorí ó mọ̀ pé tí òun bá dárúkọ mi, wọn yóò sọ pàṣán náà di méjìlá.

Lójú ọ̀nà ilé ló tó sọ̀rọ̀. "O fún mi nígi, mo sì gba pàṣán," ó ní. "Lọ́la, má fún mi ní nǹkan kan mọ́."

Mo ní àánú rẹ̀ ló ṣe mí.

"Mo mọ̀. Gbé àánú yẹn sílẹ̀, kí o mú àdá."

Mo mú àdá. Lẹ́yìn iṣẹ́ oko ọjọ́ náà ni mo tẹ̀ lé e wọ igbó fún ìgbà àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé ìdì igi kì í hù lórí òṣùká. Igi tútù jọ igi gbígbẹ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo gé ẹ̀ka mẹ́ta kí ó tó sọ fún mi pé èéfín ni mò ń gé. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi èékánná họ èèpo wò. Ó fi igi ayín hàn mí, ó ní òun ni iná rẹ̀ kì í tètè kú. Ìjàlọ gun mí dé itan. Ẹ̀gún wọ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó bá mi yọ ọ́, kò sì kẹ́dùn fún mi, ó ní kí n dìde kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo ohun tó wà nínú igbó yẹn, ojoojúmọ́ ló ń bá a pàdé, èmi sì ti ń jókòó níwájú iná tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, tí mò ń ṣe àmín sí àdúrà tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta Kàrímù tẹ̀ lé wa. Ó ní òun wá wòran. Ó bi mí bóyá èmi náà ti di ẹrú báyìí. Àìná ń fa igi ńlá kan lọ́wọ́. Kò gbójú sókè, ó kàn sọ fún un pé kí ó bá òun di ìdí igi mú. Kàrímù dì í mú. A ti rìn jìnnà kí ó tó rántí pé ìran lòun wá wò. Àìná ní, "Ìwọ náà ti di ẹrú báyìí?" Ó rojú, ó kùn, ó sì bá wa gbé e délé. Lọ́jọ́ kejì ó mú Rábì àbúrò rẹ̀ obìnrin wá, Rábì mú ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ wá, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po gbogbo ilé-kéú ti wà nínú igbó. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àáró lóko kí ogun tó dé ni a ṣe ń ṣe é: ẹni tó lágbára ń gé, ẹni tó kéré ń ṣà, ẹnìkan ń ṣọ́ ọ̀nà. Kò sí ẹni tó pè é ní àáró. A kò pè é ní nǹkan kan. Ó kàn rọrùn ju bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó kọ́ wa.

Kàrímù gan-an ló mú àbá tó kàn wá. Nígbà tí a fẹ́ di igi, ó ní kókó yìí ló ń bá wa jà. Ó ju ìtàkùn ilé wọn nù. Mo ju okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwa nù. Àìná tú koríko rẹ̀, ó sì fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́ bí ẹni ń fọ́n ìyàngbò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí Àfáà tó jáde, a ti da gbogbo igi náà jọ sábẹ́ igi iṣin, òkìtì kan ṣoṣo, kò lókùn lára.

Àfáà jáde, ó wo òkìtì, ó wò wá, ó mú pàṣán. Ó béèrè pé èwo ni ti ta.

"Àfáà, tiwa ni," Kàrímù dáhùn.

Ó bi mí, mo ní tiwa ni. Ó bi Rábì, tó kéré jù nínú wa, Rábì ní tiwa ni, ó sì sá sẹ́yìn mi. Ó bi gbogbo wa bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Àìná. Nígbà tí ó débẹ̀, ó dúró, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé kò tíì bi í ní ohun kan rí. Ó ní, "Ìwọ, kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Àìná," ó ní. "Tiwa ni, Àfáà."

Ohun tó sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ tí ó dé nìyẹn, tí ilé fi rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí ó gbé tọ̀run wá ni, kò sì sí ìyàwó ilé kan tó láṣẹ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwa ọmọ-kéú ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Àfáà yí pàṣán náà lọ́wọ́ díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó ní iná kì í bi igi léèrè ilé tí ó ti wá. N kò tíì rí òwe yìí nínú ìwé kankan ní Ìlọrin. Mo gbà pé ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀dá rẹ̀, nítorí òtútù ń mú un.

Òwúrọ̀ mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé ara wọn ni Àìná fi jókòó níwájú iná. Kò ní wàláà, nítorí náà a jọ ń lo tèmi, òun a kọ ẹ̀gbẹ́ kan, èmi a kọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ẹ̀gbẹ́ tí ó kọ kẹ́yìn ni n kò fọ̀ mọ́. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi ló rí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ti bó, ó sì ti le. Ó fà mí lọ bá Bàbá Àgbà, olórí ilé wa, ẹni tó ti jagun títí tí eékún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ jáde, gbogbo wọn sì wò ó bí ẹni ń wo ẹran tí ajá jẹ. Wọ́n bi mí, mo sì ròyìn òkìtì igi fún wọn. Mo rò pé wọn yóò yìn wá. Bàbá Àgbà ní ẹni tó bá tú okùn ìdì igi, agboolé ló fẹ́ tú. Ìyá Àgbà húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì pa òwe kankan, ìgbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló wá ọ̀nà àbáyọ. Inú rírun ni kò jẹ́ kí Bàbá Kékeré lọ sógun, inú tó máa ń dákẹ́ kété tí àwọn ọmọ ogun bá ti kọjá odò. Ó ní bùdó ti ránṣẹ́ pé àwọn ń fẹ́ ẹ̀tù, àwọn oníṣòwò ẹ̀tù tó ń ti apá òkun bọ̀ sì wà lábúlé kejì, wọ́n ń gba ènìyàn dípò owó. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Èmi ṣì na ọwọ́ jáde nígbà tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà; kò sí ẹni tó rántí sọ fún mi pé kí n ká a kò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọn kò jẹ́ kí Àìná wá sí ilé-kéú. Mo sọ fún àwọn yòókù. Kò sí ẹni tó bi ẹnìkejì pé kí la ó ṣe. A dìde, àwa mẹ́wàá, a fi Àfáà sílẹ̀ nídìí iná, a lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Mo dúró síta pẹ̀lú wọn níwájú ilé bàbá mi, bí àlejò. Bàbá Àgbà jáde, a dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Kàrímù ló sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ-kéú ẹgbẹ́ wa ni Àìná. Tí ẹ bá fẹ́ rán an lọ síbì kan, kí ẹ rán gbogbo wa lọ."

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò rí i kí ó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ sí ọmọdé rí. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ dáadáa," ó ní. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ jẹun ná. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè béèrè ìdí tí a fi jókòó. A kì í kọ oúnjẹ àgbà. A kì í sọ̀rọ̀ tí oúnjẹ bá wà lẹ́nu. A kì í dìde nídìí àwo kí àgbà tó ní kí a dìde. Wọ́n ti kọ́ wa ní èyí kí wọ́n tó kọ́ wa ní ìrun, ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní ìyá. Òun ni wọ́n fi dè wá lówùúrọ̀ náà, kò sì gba okùn kankan. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ wá nínú ewé, ó gbé àkàrà gbígbóná tì í, méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, obìnrin tí kì í fún mi ju ẹyọ kan lọ. A jẹ ẹ́. Ó dùn. Ìgbálẹ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé, ṣàà, ṣàà, ọkàn mi sì balẹ̀ nítorí mo mọ ọwọ́ tó mú un. Mo ń bó ewé ẹ̀kọ kẹta nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé n kò gbọ́ ọ mọ́. Ilẹ̀kùn àgbàlá, tí ó máa ń họ ilẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i, họ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kàrímù wò mí. Mo wo Bàbá Àgbà; Bàbá Kékeré kò sí nítòsí. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n fi àkàrà kún tiwa.

Nígbà tí wọ́n ní a lè dìde, mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Ìdajì ilẹ̀ ni wọ́n gbá. Ìgbálẹ̀ wà nílẹ̀ níbi tí ìdajì náà parí sí, ó gbọọrọ, wọn kò jù ú, ẹni tó gbé e kalẹ̀ rọra gbé e kalẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì a tún da igi jọ, a dá iná, gbogbo wa sì lọ jókòó sẹ́yìn nínú òkùnkùn. Kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Àfáà jáde, ó bá iná tó ń jó fún ara rẹ̀. Ó ní kí a súnmọ́ ọ. Kàrímù, ẹni tó pè é lólè lọ́jọ́sí, ló dá a lóhùn láti inú òkùnkùn: "Àfáà, ẹni tó mú igi wá ló ni iná. Kò tíì dé." Òwúrọ̀ méje la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọn òbí gbọ́, pàṣán bọ́ sílé kálukú, a sì padà síwájú iná lọ́kọ̀ọ̀kan, Rábì ló gbẹ̀yìn. Àfáà kò nà wá. Kò sì lọ bá Bàbá Àgbà. Ó ní ohun tó bá jẹ́ ti inú ilé, kí inú ilé bójú tó o. Mo ti wá ka ìwé tó wà lórí àjà rẹ̀ nígbà náà, èyí tí mo ti nu eruku ara rẹ̀ rí kí n tó mọ̀ ọ́n kà. Ó wà níbẹ̀ pé ọmọ tó ti ń bá wa kírun, wọn kò gbọdọ̀ fà á lé ẹni tí kì í kírun lọ́wọ́. Àfáà mọ̀ ọ́n. Pé bàbá mi kò ní ẹ̀tọ́ láti mú un kúrò nílẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé náà kò sọ ìyẹn tó. Èmi ni mo ń sọ ìyẹn, lórúkọ ara mi. Ẹ̀tù náà dé bùdó. Bàbá mi kò padà, nítorí náà n kò rí i bi bóyá ẹ̀tù náà jó dáadáa.

Bàbá Àgbà ti kú, Àfáà ti kú. Kí Ọlọ́run bi wọ́n. Ẹni tó kù ni Bàbá Kékeré, òun ló jókòó lórí awọ olórí ilé báyìí, inú rẹ̀ sì ti sàn. Lóṣù tó kọjá mo ti Ìlọrin dé, mo lọ kí i. Inú rẹ̀ dùn sí mi. Ó béèrè àwọn ọmọ. N kò tíì kúrò lórí ìdọ̀bálẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, àkàrà gbígbóná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo yọ wàláà náà nínú àpò, mo gbé e síwájú rẹ̀, ó ní kí n jẹun ná.

Bàbá Kékeré, ẹ̀yin náà ni mo kọ ìwé yìí sí, ọ̀wọ̀ yín sì wà níbẹ̀. Àwọn wo lẹ fà á lé lọ́wọ́? Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà, orúkọ wo lẹ sì fún wọn pé ó ń jẹ́? Kí lẹ sọ fún un tí ó fi rọra gbé ìgbálẹ̀ kalẹ̀? Ẹ̀yin lẹ dì í lọ́wọ́ mú, ẹ sì mọ̀ pé a wà níwájú ilé. Ṣé ẹ sọ fún Àìná pé a wá, àbí ẹ jẹ́ kí ó lọ pẹ̀lú èrò pé kò sí ẹni tó wá?

Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ yẹn kúrò níwájú mi. N kò jẹun. Ẹ dá mi lóhùn.